Bí A Ṣe Ń So Ẹ̀rọ Orin Àfọwọ́gbé Mọ́ Rédíò Ọkọ̀

 

Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Kàdúná, tí ó dorí kọ Mokwa àti Jẹ́bà, ohùn rédíò ìlú tí a fi sílẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi ku ariwo ṣìì nìkan. Àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya mọ ọ̀nà jíjìn yìí dáadáa. Orin ilé tí ó wà nínú fóònù wa kì í lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe dé inú sípíkà ọkọ̀? Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ní 1979 ni Sony gbé Walkman àkọ́kọ́ jáde ní Japan. Ní 2001, Apple gbé iPod jáde. Lónìí, fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn: ẹ̀rọ kékeré ń fi iná tín-ín-rín gbé orin jáde, rédíò ọkọ̀ sì ń fún iná náà lágbára kí sípíkà lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rédíò ọkọ̀ náà. Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ni yóò sọ ọ̀nà tó ṣí.

1. Ihò AUX. Wáyà tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì jẹ́ mìlímítà 3.5 ni a ń lò. Ẹ wo ẹnu wáyà náà: ìlà dúdú méjì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣóńṣó rẹ̀ ń gbé orin apá òsì, òrùka àárín ń gbé ti apá ọ̀tún, ìdí rẹ̀ sì ni ọ̀nà àbọ̀ iná fún méjèèjì. Ẹ gbé ohùn fóònù sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ wá fi rédíò ṣe ìyókù. Bí ti fóònù bá kéré jù, ariwo rédíò fúnra rẹ̀ á jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, orin lè máa ha.

2. Kásẹ́ẹ̀tì oníwáyà. Èyí wà fún ọkọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ tí rédíò rẹ̀ ń gba kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí téèpù orin nínú rẹ̀. Orí mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan ló dojú kọ orí tí rédíò fi ń ka téèpù. Bí orin ti ń lọ ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà ń yí padà, rédíò á sì rò pé téèpù ló ń kọjá. Bí ohùn bá ṣú, ẹ fi òwú àti sípíríìtì nu orí rédíò náà.

3. Ẹ̀rọ FM kékeré. Ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀ ni a ń kì í bọ̀. Ó di ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré fún ọkọ̀ yẹn nìkan. Láàrin 87.5 àti 108 lórí FM, ẹ wá ibi tí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ àti rédíò síbẹ̀. Bí a bá dé ìlú mìíràn, ó lè di dandan kí a yí i padà.

4. USB. Ẹ da orin MP3 sínú fláàṣì. Bí rédíò kò bá kà á, ẹ ṣètò fláàṣì náà sí FAT32, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́, nítorí ètò yìí ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

5. Bluetooth. Kò nílò wáyà. Bí rédíò bá béèrè nọ́ńbà, 0000 tàbí 1234 ló sábà máa ń jẹ́.

Bí ariwo híììì bá ń jáde, tí ó ń ròkè bí dẹ́rẹ́bà ti ń tẹ ináa mọ́tò, ẹ yọ ṣájà kúrò lára fóònù. Bí ó bá dákẹ́, a jẹ́ pé ṣájà àti wáyà AUX ló jọ ń gba ọ̀nà iná ọkọ̀ kan náà. Ẹ má lo méjèèjì pọ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta ló kù. Èkíní, ẹ má so fóònù mọ́ wáyà sípíkà. Iná ibẹ̀ lè bà á jẹ́. Èkejì, bí fíúsì rédíò bá já, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà lásán dípò rẹ̀. Fíúsì ló ń já kí wáyà má baà gbóná débi tí ọkọ̀ yóò fi gbiná. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù: ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ máa wá orin nínú fóònù. Kí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣe é. Ọkọ̀ èrò ni ọ̀pọ̀ wa ń wọ̀ lọ sílé. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà kí ẹ tó fọwọ́ kan rédíò rẹ̀, kí ẹ sì ro ti àwọn èrò yòókù. Bí orin ti wù kó dùn tó, kò tó ẹ̀mí.

Ìdánrawò: Ọkọ̀ kan kò ní AUX, kò ní USB, kò sì ní Bluetooth, ṣùgbọ́n ó ń gba kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà méjì wo ló ṣí? Èwo ni ẹ ó yàn fún ìrìn àjò tó gba ìlú púpọ̀ kọjá, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ọ̀nà á là o.