Oúnjẹ Tí Ẹlẹ́dẹ̀ Jẹ Ni Oníbàárà Yóò Tọ́ Wò

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan àwọn tó ń ta ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jù lọ, ì báà ṣe tútù, ì báà ṣe díndín. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín kò gbà á má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá o. Aládìẹ náà á rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn oníbàárà máa ń mú wá: "Ìyá, ẹran yín ọjọ́sí, bí ẹja ló ń rùn." Ẹni tó tà á á búra pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni wọ́n pa á, òun sì fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Òótọ́ ló sọ. Oníbàárà náà ò sì parọ́. Òórùn yẹn ti wà nínú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà kí wọ́n tó gbé e kúrò lóko. Iyọ̀ o, ata o, ọsàn wẹ́wẹ́ o, kò sí èyí tó lè lé e lọ tán. Oníbàárà á kàn yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn ni, kò sì ní í sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ ká tó sanwó rẹ̀.

KÍ LÓ FÀ Á?

Màlúù, ewúrẹ́ àti àgùntàn máa ń jẹ àpọ̀jẹ. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí wà nínú ikùn wọn, àwọn ló ń yí ọ̀rá inú oúnjẹ padà kó tó wọ ara ẹran. Ẹlẹ́dẹ̀ ò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. Ikùn tirẹ̀ dà bíi tàwa èèyàn. Òróró tó bá jẹ, bó ṣe wà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe máa lọ dì sábẹ́ awọ rẹ̀ àti sáàárín ẹran rẹ̀. Inú ọ̀rá yìí ni adùn wà, ibẹ̀ náà sì ni òórùn ń fara pamọ́ sí. Adìẹ náà ò ní ikùn alápọ̀jẹ: bí ẹja bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, ẹran rẹ̀ á máa rùn bí ẹja.

OÚNJẸ KỌ̀Ọ̀KAN ÀTI IṢẸ́ RẸ̀

1. Ẹja lílọ̀ àti ìfun ẹja. Wọ́n dára fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń mú un dàgbà. Ṣùgbọ́n òróró ẹja tètè máa ń bàjẹ́. Bó bá wọ inú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, ó lè mú kí ọ̀rá náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn ẹja á sì jáde nígbà tí iná bá kàn án. Ó yẹ kí olóko dá a dúró ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 kí wọ́n tó pa ẹran. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tún dára sí i.

2. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà sóyà tí wọn ò tíì fún òróró rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í mú ẹran rùn, ẹran wọn a sì máa dùn. Àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ á rọ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá mú, á máa yọ́ lórí tábìlì, kò sì ní í pẹ́ tó fi máa bà. Kúlíkúlí tí wọ́n fún òróró rẹ̀ dáadáa sàn ju ẹ̀pà fúnra rẹ̀ lọ.

3. Èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún àdín nínú èkùrọ́, tí àwọn olóko ń pè ní PKC. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ ẹ́ máa ń funfun, ó sì máa ń le. Ẹran bẹ́ẹ̀ máa ń dúró dáadáa lórí àtẹ. Ó rí háráhárá lẹ́nu ẹlẹ́dẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ nǹkan mìíràn.

4. Èèpo ẹ̀gẹ́ àti èérí bíà. Èèpo ẹ̀gẹ́ ò ní òróró púpọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ọ̀rá, ọ̀rá náà á le, kò sì ní í rùn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sá a gbẹ dáadáa, torí májèlé tí à ń torí ẹ̀ ṣe gàrí kó jinná wà lára èèpo tútù. Èérí bíà dára ní tútù. Bó bá ti dúró lókìtì tó ń bu, kí wọ́n má fún ẹran jẹ.

5. Àjẹkù búkà. Òróró oríṣiríṣi, egungun ẹja àti ata ló wà níbẹ̀, nítorí náà adùn ẹran tòní lè má jọ tọ̀la. Ewu tó tún ju ìyẹn lọ ni àrùn ibà ẹlẹ́dẹ̀. Ó jà gan-an ní ilẹ̀ wa ní 1997. Ní 2020 ó tún pa ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ ní Òkè-Àró. Kì í ran èèyàn, ṣùgbọ́n ó ń pa ọjà wa kú. Àjẹkù tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀ lè gbé e wọ ọgbà. Bí olóko bá máa lo àjẹkù, kó sè é, kó hó fún odindi wákàtí kan, kó máa rò ó.

ÈYÍ TÍ KÌ Í ṢE ẸJỌ́ OÚNJẸ

Òórùn kan wà tó dà bí ìtọ̀. Ara akọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti dàgbà tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá ló ti ń wá, kò sì sí oúnjẹ tó lè wò ó. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá ní kékeré ni kẹ́ ẹ rà. Òórùn mìíràn dà bí ìgbẹ́. Inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni ìyẹn ti ń wá, ó sì máa ń pọ̀ sí i tí ẹran bá ń sùn nínú ìgbẹ́ tútù. Kí ọgbà wà ní gbígbẹ, kó sì mọ́, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tó kángun sí pípa rẹ̀.

BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀ KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Ẹ bi olóko pé: "Kí ló jẹ láti oṣù tó kọjá?" Kí ẹ sì fi ojú ara yín wo inú ọpọ́n tó ti ń jẹun.

Tó bá jẹ́ ẹran pípa lẹ fẹ́ rà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rá rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù. Ọ̀rá funfun tó le ló dára. Èyí tó pọ́n, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ẹ bèèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó rà á.

Ẹ gé ọ̀rá díẹ̀ bí orí àtàǹpàkò, ẹ jù ú sínú páànù gbígbóná láìfi iyọ̀ sí i, kẹ́ ẹ dé e. Tó bá ti ń yọ́, ẹ ṣí i, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ohun tí imú yín bá gbọ́ níbẹ̀ ni oníbàárà máa gbọ́ nílé.

Ẹ bá olóko dá àdéhùn pé kò ní í sí ẹja nínú oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ 4 tó kẹ́yìn. Ẹnì kan lè sọ ọ́ kó má gbọ́. Bí èèyàn mẹ́wàá bá jọ lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbọ́. Bó bá sì gba pé ká fi owó díẹ̀ lé e fún un, ẹ má rò ó sí àdánù.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Sípéènì. Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ dúdú kan níbẹ̀ tí wọ́n máa ń dà sínú igbó fún ó kéré tán ọjọ́ 60 kí wọ́n tó pa á, kó lè máa ṣa èso igi jẹ lábẹ́ igi. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń pa itan rẹ̀, wọ́n á sì fi kọ́ títí yóò fi gbẹ. Láti 2014 ni òfin wọn ti ní kí wọ́n so àmì aláwọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹran náà. Dúdú àti pupa wà fún èyí tó jẹ èso igi, funfun wà fún èyí tí wọ́n fi ọkà bọ́ nínú ilé. Ẹran elésò ló wọ́n jù. Àwọn tó ń rà á mọ̀ pé oúnjẹ ẹran náà làwọn ń sanwó fún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí òórùn ẹja fi ń wọ ara ẹlẹ́dẹ̀, tí kì í wọ ara ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀?
2. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló yẹ kí olóko ti dá ẹja dúró kí wọ́n tó pa ẹran?
3. Oko wo la lè jọ lọ bá dá àdéhùn, ta ni yóò sì ṣáájú wa lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀wé kà kó kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ọjà á tà o.