Omi Bíréèkì Kún, Àmọ́ Ọkọ̀ Ò Dúró

Epo pupa la kó sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi àti àbúrò bàbá mi tá a ń pè ní Bàbá Kékeré, à ń ti Ìlútítun lọ sí Òkìtìpupa. Kòtò pọ̀ lójú ọ̀nà. Ká sáré díẹ̀, ká tẹ bíréèkì, ká tún sáré, ká tún tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ. Àfi bí ọlọ́kadà kan ṣe já sí iwájú wa lójijì. Bàbá Kékeré tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ wọn wọlẹ̀ bí ẹni tẹ fóòmù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ léraléra, wọ́n já jíà wálẹ̀, wọ́n darí ọkọ̀ wọ inú koríko. Ọpẹ́ ni, kẹ́ẹ̀gì méjì péré ló dà nù.

Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi bíréèkì kún dẹ́múdẹ́mú. Wọ́n wò mí: "Ìwọ tó o ń ka físíìsì, omi kún, kò sì jò. Kí ló wá dé?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ìgbà tí mo padà sídìí ìwé ni mo tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá sírínjì méjì, kékeré kan àti ńlá kan, ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín so ẹnu wọn pọ̀, kí omi kún inú wọn. Tí ẹ bá ti kékeré, ńlá á sún. Kò ní sún jìnnà, àmọ́ agbára rẹ̀ á ju èyí tí ẹ fi tì í lọ. Blaise Pascal, ará ilẹ̀ Faransé, ló ṣàlàyé òfin yìí. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1663, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ọkọ̀, sírínjì kékeré ni másítà tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ńlá ni kálípà tó wà nídìí táyà, tó ń ti pádì mọ́ dísíìkì.

Ẹ wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ inú rọ́bà yẹn, kí ẹ tún tì í. Ó ń rọ̀, àbí? Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi ò ṣeé fún.

Ibo ni ti inú ọkọ̀ wa ti wá nígbà tí kò jò? Ooru ni. Tí pádì bá di dísíìkì mú, eré ọkọ̀ á di ooru. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin, ẹrù tó wúwo á tún fi kún un. Omi bíréèkì sì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa yìí, tí iyọ̀ orí tábìlì ń tutù nígbà òjò, ẹ lè fojú inú wò ó. Tí DOT 3 bá ṣì jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ti tó 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140°C ni òfin béèrè. Bó bá hó, ìhó á kún inú páìpù, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀. Tó bá tutù tán, bíréèkì á tún mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni.

Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ omi yẹn lọ́dún méjì méjì, bó ti wù kó kún tó. Irú èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ rà, kó sì jẹ́ èyí tí wọn ò tíì ṣí. Omi ọṣẹ tí àwọn kan ń dà sí i? Ẹ má dán an wò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń mú kí rọ́bà inú másítà wú. Tí omi bá sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjò, ẹ má tíì bù ú kún. Ẹ kọ́kọ́ wo pádì. Bó bá ti ń tín-ín-rín ni omi ń tẹ̀ lé písítínì jáde. Tó bá ti ku 3 mm, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

A lọ fa ti Bàbá Kékeré jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Látìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀ náà, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ó dúdú bí àgbo.