Àgbàfipamọ́ Ni Àṣírí Ẹni Tí À Ń Tọ́jú

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí ó mọ ohun tí ó pamọ́. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, púpọ̀ nínú wa ni ó ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn ní London yìí. Iṣẹ́ halāl ni, láádá sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa nínú bọ́ọ̀sì. A ó máa fi Yorùbá sọ lórí fóònù pé màmá kan kò lè dá wẹ̀ mọ́, a ó sì ka nọ́ńbà àpótí kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó gbọ́. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní ìlú yìí. Bí a kò tilẹ̀ dárúkọ, àdúgbò àti àìsàn lè tú u fó.

Ọmọdé ni Anas ọmọ Mālik nígbà tí Ànábì rán an níṣẹ́. Ó pẹ́ kí ó tó délé. Ìyá rẹ̀ bi í léèrè, ó ní àṣírí ni. Ìyá náà kò yọ ọ́ lẹ́nu; ó ní kí ó má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bí a bá rí i pé wọ́n ń fi ìyà jẹ ẹni tí à ń tọ́jú, kí a sọ fún ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ kàn. Ìyẹn kì í ṣe òfófó, ààbò ni. Èyí tí ó kù, yálà Mùsùlùmí ni ẹni náà tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó parí sí ilé rẹ̀.

Kí Allāhu bo àṣírí wa ní ayé àti ní ọ̀run. Āmīn.