Abẹ́ bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ ni kí oníṣòwò Èjìgbò kọ́kọ́ wò, kó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀

Ọ̀nà Àbíjàn kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Èjìgbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ìlú náà, títí kan àwọn ará Máṣífà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn àtàwọn abúlé tó yí wọn ká, ti ń rìnrìn àjò lọ ṣòwò ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, débi pé èèyàn lè gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọ Èjìgbò nínú ọjà, owó sẹ́fà kò sì ṣàjèjì sí wọn. Èrò ń lọ, èrò ń bọ̀, ẹrù náà sì ń bá wọn lọ. Abájọ tó fi jẹ́ pé, bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá yá oníṣòwò lágbègbè yìí lówó, tàbí tí èsúsú bá kàn án, ọkọ̀ èrò wà lára ohun tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ sí.

Àmọ́ ọkọ̀ tuntun jìnnà sí àpò oníṣòwò kékeré. Tòkunbọ̀ ló kù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti gba sùúrù, nítorí pé owó tí èèyàn fi ọdún mẹ́ta tù jọ lè wọlé sí ọgbà mẹkáníìkì láàárín oṣù mẹ́ta péré, kí gbèsè ẹgbẹ́ sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "èló ni?" Ibi tí ọkọ̀ náà yóò máa ná ni. Ẹni tó fẹ́ máa ná Èjìgbò sí Òṣogbo, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìwó, tí yóò máa sùn sílé lálaalẹ́, lè fi Toyota Sienna bẹ̀rẹ̀. Bó bá kọṣẹ́ lọ́nà, mẹkáníìkì rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀nà Àbíjàn kò rí bẹ́ẹ̀. Láti Èkó sí Àbíjàn nìkan lé ní 1,000 kìlómítà, ọkọ̀ yóò sì la Benin, Togo àti Ghana kọjá kó tó débẹ̀. Bọ́ọ̀sì Toyota HiAce ló bá irú iṣẹ́ yìí mu jù, yálà oríṣi ti àtijọ́ ni o, tàbí èyí tó jáde lọ́dún 2004 tí àwọn onímọ́tò ń pè ní "Hummer". Ẹ̀yà ara wọn wọ́pọ̀ lọ́jà. Bọ́ọ̀sì tó rẹwà tí kò sẹ́ni tó ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, wàhálà lèèyàn fowó rà yẹn.

Ẹni tó sì fẹ́ ra ọkọ̀ nítorí Àbíjàn nìkan, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí. Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ghana náà ti tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, kò sì ṣí i títí di oṣù kẹta ọdún 2022. Ọkọ̀ tí kò lè ṣiṣẹ́ kankan nílé lásìkò bẹ́ẹ̀, gbèsè lásán ni.

Ohun kejì ni ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti wá. Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n apá òsì ni wọ́n ṣì ń gbà ní Ìlú Ọba àti Japan, apá ọ̀tún sì ni sítíárìn ọkọ̀ wọn wà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń gbé e sápá òsì kí wọ́n tó ta ọkọ̀ náà níbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Òmíì jó irin rẹ̀ dáadáa, òmíì kàn fi bó ti wù ú lẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó wo ilẹ̀kùn èrò. Bó bá jẹ́ pé apá òsì nìkan ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń wọ́ wà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Àárín títì ni èrò yóò máa bọ́ sí, tí ọkọ̀ mìíràn lè ti gbá a. Kó tún tan wípà, bóyá iwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà ló ń nù mọ́ jù.

Ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá ní àṣírí tirẹ̀, nọ́ńbà ṣáṣíìsì rẹ̀ sì máa ń tú u. Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà náà ti jẹ́ mẹ́tàdínlógún (17), lẹ́tà àti òǹkà pọ̀ mọ́ra. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 5 dúró fún 2005, 9 dúró fún 2009, A dúró fún 2010, B dúró fún 2011. Bí ẹni tó ń tà á bá búra pé ọdún 2010 ni, tí 6 sì wà ní ipò kẹwàá, ọkọ̀ ọdún 2006 ló fẹ́ gba owó 2010 lé lórí. Nọ́ńbà ara ọkọ̀ àti tinú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu látòkèdélẹ̀. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí níbẹ̀, ibi tí èèyàn bá ti rí wọn, ayédèrú ni.

Ọdún yìí ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó fẹ́ ra Sienna. Ti ọdún 1998 sí 2003 ń lo ẹ́ńjìnnì 3.0, ti 2004 sí 2006 ń lo 3.3. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń darí inú ẹ́ńjìnnì méjèèjì, 90,000 máìlì sì ni wọ́n ní kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Máìlì ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà fi ń ka ìrìn, kì í ṣe kìlómítà, iye yẹn sì tó nǹkan bíi 145,000 kìlómítà. Bí bẹ́líìtì yìí bá já, ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ yóò kú sí. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì 3.5 rọ́pò wọn, ṣéènì irin sì ni tirẹ̀ ń lò. Ẹ́ńjìnnì 3.0 tún ní àìsàn kan: ọ́ọ̀lì inú rẹ̀ máa ń dì bí ọ̀dà títì bí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò bá pààrọ̀ ọ́ọ̀lì lásìkò. Kí wọ́n ṣí ọmọrí ọ́ọ̀lì, kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀.

Mẹkáníìkì ẹni ni kéèyàn mú lọ wo ọkọ̀, kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á bá pè wá. Kó tẹ ọlọ́kọ̀ láago lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan ọkọ̀ yẹn o, àfi tí a bá dé." Bí wọ́n bá débẹ̀ láàárọ̀ tí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ti gbóná, a jẹ́ pé nǹkan kan wà tí wọn kò fẹ́ kí wọ́n rí. Ẹ́ńjìnnì tútù kì í lè parọ́. Èéfín tó rí bí aró ń sọ pé ọ́ọ̀lì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró ń sọ pé omi ti wọ ibi tí kò yẹ. Bí ohun funfun tó dà bí ẹ̀kọ tútù bá wà lábẹ́ ọmọrí ọ́ọ̀lì, ó lè jẹ́ pé omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ọ̀lì. Bó bá jẹ́ gíà aládàáṣiṣẹ́, ọ́ọ̀lì gíà tó ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jó kì í ṣe àmì rere.

Kí wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Ní Amẹ́ríkà, omi bo ọkọ̀ rẹpẹtẹ nígbà ìjì Katrina lọ́dún 2005 àti Harvey lọ́dún 2017, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà parẹ́, ńṣe ni wọ́n ń tà á lọ síbòmíì. Ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ìpẹtà lára bóòtù ìjókòó ló ń tú àṣírí rẹ̀. Ìpẹtà abẹ́ ọkọ̀ lè wá láti ara iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì lásìkò yìnyín lọ́hùn-ún. Táyà náà ní ọjọ́ orí: òǹkà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀, bíi 2319, túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ká wá fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Bọ́ọ̀sì kan jẹ́ ₦5,000,000, èkejì jẹ́ ₦6,500,000. Ti àkọ́kọ́ nílò gíà ₦900,000, táyà ₦400,000, àtúnṣe ìjókòó ₦150,000. Ó tún lo ọjọ́ iṣẹ́ méjìlá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, nígbà tó yẹ kó máa mú ₦25,000 wálé lójúmọ́. ₦300,000 nìyẹn. Ìwé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦250,000. Bí wọ́n bá ro ó pọ̀, èyí tí wọ́n ní ó pọ́ọ́kú ti di ₦7,000,000, èkejì kò ju ₦6,750,000 lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kéèyàn ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ọkọ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn tó ní ẹbí l'Àbíjàn jù. Láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Àtọkọ̀ tuntun o, àti tòkunbọ̀ o, etíkun ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Bí àbúrò ẹni bá rí bọ́ọ̀sì tó pọ́ọ́kú ní Kútọnu tàbí Àbíjàn, tó sì fẹ́ wà á gba Sẹ̀mẹ̀ wá fún títà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á, owó náà yóò sì wọmi. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ tó ti wà nílé gbọ́dọ̀ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kó sì mú un lọ fún àyẹ̀wò kó tó sanwó, torí pé ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá bá ọkọ̀ ni wọn yóò ti gbà á.

Báńkì ni kó ti sanwó, kó gba rìsíìtì tí nọ́ńbà ṣáṣíìsì wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì yí orúkọ inú ìwé sí tirẹ̀ láìjáfara. Bí ọkọ̀ yóò bá kọjá ẹnubodè, kó gba ìwé adójútòfò Brown Card ti àjọ ECOWAS, tó ti wà láti ọdún 1982, nítorí pé ìwé adójútòfò tó ń lò nílé kò ní lè gbà á sílẹ̀ bí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ bá gbá ẹlòmíì ní Lomé tàbí Accra.