Ẹ má fi owó ìfẹ̀yìntì ra ẹ́ńjìnnì tuntun

ÌBÉÈRÈ: Manchester ni mo ń gbé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ó pẹ́ tí mo ti ń kó àwọn ọkọ̀ ojú irin kékeré jọ, àwọn tó ń fi iná sáré lórí tábìlì. Mo fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì mi kó tuntun láti ilé-iṣẹ́, kí n máa tà á nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wa. Ìyàwó mi ní owó náà yóò há sínú páálí ni. Kí ni kí n ṣe?
— Bàbá Onírélùwéè

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú ìsinmi iṣẹ́. Ìyàwó yín jàre lórí "tuntun" yẹn. Ẹ́ńjìnnì tuntun kan láti ọ̀dọ̀ Hornby, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, lè kọjá £150. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń kó o lọ́pọ̀, wọ́n ń já owó lé e, Hornby fúnra rẹ̀ sì ń tà fún oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ni yóò kù fún ẹni tó kó mẹ́ta?

Àlòkù ni kí ẹ dojú kọ, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń di owó. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù kò mọ̀ pé Hornby Dublo àtijọ́, tó jáde ní 1938, ojú irin onírin mẹ́ta ló ń lò, àti pé 1959 ni onírin méjì tó dé. Wọn ò mọ̀ pé OO ti Britain àti HO ti ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń sáré lórí ojú irin 16.5 mm, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n OO jẹ́ 1:76, ti HO 1:87. DCC ni ọ̀nà tí a fi ń fi àṣẹ dígítà darí ẹ́ńjìnnì: bí wọ́n bá kọ "DCC Ready" sára páálí, àyè tí a óò ki ẹ̀rọ rẹ̀ bọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. "DCC Fitted" ló ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ àṣẹ nínú. Ẹni tó bá ṣi èyí kọ, ọjà rẹ̀ ń padà bọ̀ nìyẹn.

Ẹ yẹ abẹ́ àwọn tó jẹ́ síńkì wò dáadáa. Bí òjé bá ti dà pọ̀ mọ́ ọn níbi tí wọ́n ti rọ ọ́, á máa wú, á máa là, títí yóò fi rún. Mazak rot ni wọ́n ń pè é, kò sì ní oògùn. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sórí irin, kó lọ síwájú, kó padà sẹ́yìn, kí ẹ ya fídíò rẹ̀ kí ẹ tó pè é lówó.

Bí ó bá yá, opó kan yóò pè yín: ọkọ òun ti kú, yàrá kan kún fún páálí. Ẹ má fi owó táṣẹ́rẹ́ gbá gbogbo rẹ̀ nítorí pé kò mọ iye rẹ̀. Ẹ kọ iye síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó fi han àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ó bá fẹ́, ẹ bá a tà á, kí ẹ yọ owó iṣẹ́ yín nínú rẹ̀. Ìyẹn ló wù mí jù, torí kò sí owó yín kankan tó há síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùkójọ kò tóbi. Ẹni tó bá rẹ́ opó jẹ lónìí, gbogbo wọn á gbọ́ ọ láìpẹ́.

Ní ti ìjọba: bí gbogbo owó tó wọlé láti inú òwò náà bá kọjá £1,000 lọ́dún owó-orí kan (owó ọjà o, kì í ṣe èrè), ẹ fi tó HMRC, àjọ owó-orí Britain, létí. Adójútòfò ilé kì í sábà bo ọjà títà, ẹ bi wọ́n. Ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, ì báà jẹ́ àlòkù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tiyín tó ti di méjì-méjì. Bí ẹ bá tà wọ́n tán kí Kérésìmesì tó dé, ẹ tún kọ̀wé sí mi, ká wá sọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì yẹn.