Ẹ Má Pa Ìtàn Ike Rẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ti DSC, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tí ike ń gbà bó ṣe ń gbóná, ẹ fetí sí mi. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọ̀gá kan ń kọ́ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ fi ooru fọ ara ike mọ́, kí ẹ da àbájáde ìgbà àkọ́kọ́ nù, kí ẹ wá ka Tg rẹ̀ nígbà kejì. Ẹni tó kàn fẹ́ fi ike kan wé òmíràn lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá gbé ike tó là wá, tó ní kí ẹ wá ohun tó fà á, inú ohun tí ẹ fẹ́ dà nù yẹn gan-an ni ìdáhùn wà.

Kí ni Tg? Ẹ bu omi híhó sínú ìgò omi oníke tó ti ṣófo (ẹ má mu ún o!), ẹ ó rí i bí ara ìgò náà yóò ṣe súnkì, tí yóò wọ́. PET ni ike yẹn, kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bíi 250 dígírì. Omi híhó kò sì ju 100 lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé PET kì í le mọ́ bíi gíláàsì tí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 75 dígírì. Àwọn mólékù gígùn inú rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ ti fà gbọnrangandan nígbà tí wọ́n ń fẹ́ ìgò náà, á rí àyè mira, wọ́n á sì súnkì padà. Ibi tí líle ti ń di rírọ̀ yẹn ni Tg. Ti rọ́bà igi wà ní nǹkan bíi 70 dígírì nísàlẹ̀ òdo, ìdí nìyẹn tó fi ń rọ̀ lọ́wọ́ wa nígbà gbogbo.

Nínú DSC lásán, ooru ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà, bí ó bá sì kan Tg, ilà tí ẹ̀rọ ń yà á yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ bọ́ sí òmíràn. Àmọ́ ike tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ ti rọra ń jókòó, ó ti ń fún mọ́ra. Tí ẹ bá mú un gbóná, ó gbọ́dọ̀ gba ooru tó ti sọ nù padà, gegele kan á sì hù lé Tg lórí. Ìtàn ike náà ni gegele yẹn, àmọ́ ọmọdé á rí i, á ní ike ti ń yọ́.

Ọgbọ́n tí Mike Reading àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló tú kókó yìí. Wọ́n ní kí ooru máa gòkè, kó sì máa mì díẹ̀díẹ̀ lọ síwá-sẹ́yìn. Ohun tó bá ń tẹ̀ lé mímì náà, Tg wà níbẹ̀. Ohun tí kò tẹ̀ lé e, gegele wà níbẹ̀. Ẹ lè rí Tg àti ìtàn ike lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ìgbóná àkọ́kọ́. Kí ló wá kù tí ẹ fi ń dà á nù?

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ká ní Tg ike yín gba dígírì 10 kó tó parí, tí ẹ ń gòkè ní dígírì 2 ní ìṣẹ́jú kan, tí mímì kan sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 60: mímì 5 ló bọ́ sínú rẹ̀, ó tó. Bí ẹ bá sáré gòkè ní dígírì 5, mímì 2 péré ló máa bọ́ sí i. Ẹ̀rọ kò ní bá yín jà, á ya ilà tó dán fún yín, irọ́ sì ni. Ẹ má fi mímì tó dín ní 4 ṣiṣẹ́. Ẹ gé ike náà pẹlẹbẹ, kó má ju mílígírámù 10 lọ, kó fara mọ́ ìdí àwo alumíníọ̀mù, kí ooru lè tètè wọ inú rẹ̀ kí mímì tó yí padà. Nylon ní tirẹ̀ ń fa omi, omi sì ń fa Tg wálẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí wọ́n kó o sí.

Ẹ má sì gbé gbogbo gegele lé ìtàn ike lórí. Mímì máa ń yára ju ìgbóná fúnra rẹ̀ lọ, nítorí náà Tg tó hàn nínú rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn á sì wọ gegele náà. Ẹ fi mímì kan náà mú ike náà tutù wálẹ̀ lẹ́yìn ìgbóná, kí ẹ yọ èyí tó bá hàn níbẹ̀ kúrò.

Nígbà tí ẹ bá kọ Tg sílẹ̀, ẹ kọ bí ẹ ṣe sáré tó, bí mímì ṣe gùn tó àti bó ṣe ga tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé nọ́ńbà lásán fún yín láìsí ìwọ̀nyí, ẹ dá a padà fún un, ì báà jẹ́ èmi.