Oyin àti Ọgbẹ́ Inú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí inú ń dùn bi wá pé: ṣé oyin nìkan kò tó òun, nígbà tí Ọlọ́hun ti sọ pé ìwòsàn ni? Ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò papọ̀.

Nínú Súratu Nahl, āyah 69, Ọlọ́hun fi yé wa pé ìwòsàn wà fún ènìyàn nínú oyin. Bukhari àti Muslim sì gba hadith wá nípa ẹni tí inú ń yọ arákùnrin rẹ̀ lẹ́nu: Ànábì ní kí ó fún un ní oyin mu, ó sì ń tún un fún un títí ara fi yá.

Kí ni ń fa ọgbẹ́ inú? Ọ̀pọ̀ ń di ẹ̀bi ru ata àti ebi. Ṣùgbọ́n ní 1982, Barry Marshall àti Robin Warren ní ìlú Perth, Australia, rí kòkòrò àìfojúrí kan tí à ń pè ní Helicobacter pylori. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Ohun kejì ni oògùn ara ríro, bí aspirin àti ibuprofen, tí a bá ń lò ó lálòjù.

Kí ni oyin lè ṣe? Ó ki, ó ní ìkan díẹ̀, ó sì ń mú èròjà hydrogen peroxide jáde; gbogbo èyí ń ni kòkòrò lára. Nínú yàrá ìwádìí, ó ti dá kòkòrò yìí dúró. Propolis, oje igi tí oyin fi ń dí ihò ilé rẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn eku tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní oyin kí wọ́n tó fún wọn ní ọtí líle kò ní ọgbẹ́ púpọ̀ nínú. Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Kò tíì hàn pé oyin nìkan lè lé kòkòrò yìí kúrò nínú wa.

Nítorí náà:
1. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí kòkòrò náà bá wà, ẹ lo oògùn dókítà parí, bí inú tilẹ̀ ti rọ̀.
2. Ẹ má lo oògùn ara ríro láìbi dókítà.
3. Ẹni tí ó bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ó sáré lọ sí ilé-ìwòsàn.
4. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Kí alátọ̀gbẹ náà ṣọ́ra.

Ìdáhùn wa fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí: mu oyin rẹ, sì lo oògùn rẹ. Ànábì tí ó ní kí á mu oyin náà ni ó ní kí á máa wá ìtọ́jú. Āyah oyin yẹn sì parí sórí àwọn tí ń ronú. Kí Ọlọ́hun fi wá sí ara wọn. Āmīn.